Ìtọ́jú Ojú Tí Ó Ní Irorẹ́ Ní Àkókò Ọyẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ènìyàn tó, ó kan olùkọ́ jù lọ, nítorí pé iwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó ń dúró lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé irorẹ́ ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́kàn jẹ́. Bí ọyẹ́ bá sì tún dé, ọ̀ràn náà a di méjì: ojú a gbẹ, a fún, a máa bó wẹ́wẹ́, ibi tí irorẹ́ wà a sì máa ta ènìyàn bí ẹni pé a fi ata pa á.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ̀yin ni mí. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni mo kó jọ síhìn-ín, kí ó lè wúlò fún wa, yálà Nàìjíríà ni a ti wá, tàbí Ghana, tàbí Tógò, tàbí Benin, tàbí Kamẹrúùnù. Nítorí ọyẹ́ kan náà ni ó ń fẹ́ lu gbogbo wa. Kókó ẹ̀kọ́ náà kò ju ọ̀kan lọ: ojú tí ó ní irorẹ́ kì í ṣe ojú tí ó dọ̀tí, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fi agbára fọ̀.

1. Ohun tí irorẹ́ jẹ́

Ní ara awọ ojú wa, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ tí irun ti ń hù jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ni àpò kékeré kan wà tí ń ṣe ọ̀rá, ọ̀rá yìí ni ó sì máa ń mú kí ojú dán. Nígbà tí ọmọdé bá ń bàlágà, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní họ́mónù a máa pọ̀ sí i, wọn a sì pàṣẹ fún àpò wọ̀nyí láti ṣe ọ̀rá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí ni ohun kìn-ín-ní.

Ohun kejì ni pé awọ ara a máa kú díẹ̀díẹ̀, a sì máa re bí ewé ti ń re lára igi. Ní ojú oníirorẹ́, awọ tí ó ti kú náà kì í re tán; a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ní ẹnu ihò, a sì dí i pa. Bí ẹnu ihò náà bá ṣí sílẹ̀, ohun tí ó dí i a di dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí ni dúdú yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Atẹ́gùn ni ó kàn án, tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà.

Ohun kẹta ni kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cutibacterium acnes. Kòkòrò yìí ń gbé ara awọ gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó ní irorẹ́ àti ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ihò bá dí, tí ọ̀rá sì kún inú rẹ̀, oúnjẹ pọ̀ fún un níbẹ̀, a sì bí sí i. Ohun kẹrin ni ìjà tí ara ń bá a jà: ẹ̀jẹ̀ a sáré wá síbẹ̀, ibẹ̀ a wú, a gbóná, a máa dunni, a sì lè gba ọyún.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ríronú nípa ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó ń fa irorẹ́. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀pà tí a sábà máa ń dá lẹ́bi kò ní ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lòdì sí i. Ohun tí ó ní ẹ̀rí díẹ̀ ni ṣúgà àti ohun mímu aládùn, tí àmujù wọn lè dá kún irorẹ́ àwọn mìíràn.

2. Bí ojú dúdú ṣe ń pọ́n

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ ní òkè òkun, a ó kà á pé awọ tí irorẹ́ ń bá jà a máa pọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n awọ funfun ni àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyẹn ń wò. Lára awọ dúdú, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó sáré wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a ó rí ni ibi tí ó dúdú ju ìyókù lọ, tàbí tí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Nígbà mìíràn a kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan. Kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú, kí a mọ̀ bí ó bá gbóná. Kí a kíyè sí i bí omi bá ń ta wá nígbà tí a bá ń bọ́jú, tàbí bí awọ bá ń fún nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nyí ni pípọ́n ojú tiwa.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a mọ èyí dunjú ni pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa rò pé ìdọ̀tí tàbí àbàwọ́n ni dúdú tí òun ń rí. A tún fi kànrìnkàn gbo ó, a tún wá ìpara tí yóò bó o. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ń kígbe pé ìyà tí a fi jẹ òun ti tó.

Lẹ́yìn tí irorẹ́ bá ti lọ, àmì dúdú a máa kù sí ipò rẹ̀. Èyí kì í ṣe àpá gidi. Àwọ̀ dúdú tí ó wà nínú awọ ni ó pọ̀ jù ní ojú ibẹ̀ nítorí ìjà tí ó ti kọjá. A máa parẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀. Oòrùn a máa mú un pẹ́, títẹ irorẹ́ àti gbígbo ojú a sì máa mú un pọ̀ sí i.

3. Ọ̀rá kì í ṣe omi

Ọ̀pọ̀ a máa béèrè pé: “Báwo ni ojú mi ṣe lè máa yọ ọ̀rá, kí ó tún gbẹ?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rá, ọ̀tọ̀ ni omi. Awọ òkè ojú wa dà bí ògiri tí a mọ. Awọ kéékèèké tí ó tò lé ara wọn ni bíríkì. Ọ̀rá mìíràn, tí kì í ṣe ti inú àpò tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni amọ̀ tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ògiri yìí ni kì í jẹ́ kí omi ara jáde, kì í sì í jẹ́ kí ohun tí ń ta ni wọlé.

Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pẹ̀lú eruku àti afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ̀rinrin nínú. Bí ó ti ń gbẹ aṣọ tí a sá sórí okùn kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi jáde lára awọ. Bí ọṣẹ líle bá ti fọ amọ̀ inú ògiri lọ ṣáájú, ògiri náà a lanu. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá tiwa níhìn-ín ni eruku, òógùn, ọṣẹ àti òògùn irorẹ́ fúnra rẹ̀, tí yóò máa ta ni níbi tí kì bá ti ta ni. Ní gbogbo àkókò yìí, àpò ọ̀rá kò dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí họ́mónù ni ń pàṣẹ fún un, kì í ṣe ojú ọjọ́. Báyìí ni ojú kan ṣe lè yọ ọ̀rá ní iwájú orí, kí ó sì máa bó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

4. Àwọn ìwà tí ń dá kún ìpalára

Èkíní ni fífi ọṣẹ fọ ojú nígbà gbogbo. Awọ ojú wa kan díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan, láti 0 dé 14, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó: omi tí kò ní nǹkan nínú wà ní 7, ohun tí ó bá kéré sí 7 ni ó kan, ohun tí ó bá ju 7 lọ ni ó dà bí omi eérú. Awọ ojú wà ní nǹkan bí 5. Ọṣẹ dúdú wa, tí a fi eérú àti àdí sè, àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, wà ní nǹkan bí 9 tàbí 10. Ẹni tí ó bá wà ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè dán èyí wò: kí ó ki bébà litmus pupa bọ inú omi ọṣẹ, yóò rí i pé ó di àwọ̀ aró. Èyí kò sọ pé ọṣẹ dúdú burú. Ó dára fún iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi í bọ́jú ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ nínú ọyẹ́, amọ̀ ògiri ni a ń fọ̀ dànù.

Èkejì ni kànrìnkàn àti èékánná. Bí a bá gbo irorẹ́ tàbí tí a tẹ̀ ẹ́, ọyún díẹ̀ lè jáde, ṣùgbọ́n ìyókù a máa tú ká sí abẹ́ awọ, ìjà a sì gbòòrò sí i. Ibẹ̀ ni àpá gidi, èyí tí kì í parẹ́, ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun líle tí a ń fi pa ojú: sípíríìtì, ọṣẹ ìfọyín, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ju ohun tí awọ lè gbà lọ. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa á lára awọ, ó lè jó awọ náà bí iná, kí ó sì fi dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

5. Ìkìlọ̀ lórí ìpara tí ń bó ara

Ibi yìí ni ọ̀ràn náà ti le jù lọ. Nítorí àmì dúdú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa sá tọ ìpara tí ń bó ara, èyí tí àwọn ará Senegal ń pè ní xessal. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a máa wá orúkọ wọn lára páálí.

Àkọ́kọ́ ni àwọn òògùn ìdílé steroid, bí clobetasol àti betamethasone. Oníṣègùn a máa lò wọ́n fún àrùn awọ kan fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi wọ́n pa ojú lójoojúmọ́ yóò kọ́kọ́ rí i pé ojú òun dán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà awọ a fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ a hàn síta, irorẹ́ tuntun a sì bo ojú. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí oníṣègùn.

Èkejì ni mercury, èròjà olóró tí ń wọ inú ara gba ojú awọ, tí ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013, fi òpin ọdún 2020 ṣe gbèdéke fún ọṣẹ àti ìpara tí mercury inú wọn bá ju ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù lọ.

Ẹ̀kẹta ni hydroquinone. Ní ọdún 1975 ni àwọn oníṣègùn ní South Africa kọ ìwé nípa àwọn tí ó lo ìpara alágbára tí ó ní èròjà yìí nínú: dípò kí ojú wọn mọ́, ó nípọn, ó sì dúdú rìrì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Côte d'Ivoire ṣe òfin lòdì sí irú àwọn ìpara wọ̀nyí ní ọdún 2015, Ghana sì fòfin de hydroquinone nínú ohun ìṣaralóge ní ọdún 2016. Bí orílẹ̀-èdè bá ti ń fi òfin lé nǹkan kúrò lórí àtẹ, kí ni a tún ń fi owó wa wá níbẹ̀?

6. Ìtọ́jú tí ó tọ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí ti rí ni ìtọ́jú ojú rí.

Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí a fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́jú, kì í ṣe omi gbígbóná. Ìka ọwọ́ ni kí a lò. Bí agbára bá ká a, kí a ra ohun ìbọ́jú tí kì í hó púpọ̀, tí kò sì ní òórùn dídùn. Bí kò bá ká a, kí a lo ọṣẹ tí kò le ní alẹ́ nìkan, kí a sì fi omi lásán bọ́jú ní òwúrọ̀. Kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú díẹ̀díẹ̀; kí a má nù ún wìnnìwìnnì.

Kí ojú tó gbẹ tán, kí a fi ìpara tí ń mú awọ rọ̀ pa á. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti fi han àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹ bu omi ìwọ̀n kan náà sí àwo méjì, ẹ da òróró díẹ̀ sórí ọ̀kan, ẹ sì gbé méjèèjì sí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ ó rí i pé èyí tí òróró bò kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Ìpara kì í fún awọ ní omi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe jù ni pé kì í jẹ́ kí èyí tí ó wà níbẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró títí ojú fi gbẹ pátápátá ti jẹ́ kí ọyẹ́ jí lára omi náà kó.

Ìpara tí ó ní glycerin nínú dára. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ náà non-comedogenic lára páálí, tàbí non comédogène ní ilẹ̀ àwọn tí ń sọ Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ṣe ìpara náà kí ó má baà dí ihò awọ. Òrí dára púpọ̀ fún ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ètè tí ó là. Ṣùgbọ́n kí oníirorẹ́ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kékeré kan lójú rẹ̀, nítorí ọ̀rá tí ó nípọn kì í bá ojú gbogbo ènìyàn mu. Òróró àgbọn ni kí ó yẹra fún jù.

Ní ti òògùn, méjì ni a sábà máa ń rí ní ilé ìtajà òògùn tí ó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀kan ni benzoyl peroxide, tí ń pa kòkòrò. Ìwádìí kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 fi hàn pé èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí ó jẹ́ ìdá 10, kò sì ta ni tó o. Kí a rántí pé a máa bó àwọ̀ aṣọ àti ti ìrọ̀rí. Èkejì ni adapalene, tí kì í jẹ́ kí awọ tí ó ti kú dí ihò. Kí aboyún má lò ó.

Èyíkéyìí tí a bá mú, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ojú. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí a tó máa fi kún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ jù lè kọ́kọ́ fi ìpara pa ojú, kí ó tó fi òògùn lé e. Bí ojú bá ń ta, kí a fo alẹ́ bíi mélòó kan. Kí a má kó òògùn mìíràn lé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ní sùúrù: ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí ìyàtọ̀ tó hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ òògùn tí a pè ní aláìwúlò, ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti sọ ọ́ nù.

Ní ọ̀sán, kí a dé fìlà olétí gbòòrò bí a bá ń ṣiṣẹ́ ní oko ilé-ẹ̀kọ́, tàbí kí a fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa ojú, kí àmì dúdú lè tètè parẹ́.

7. Ìgbà tí ó yẹ kí a rí oníṣègùn

Kí a má ṣe pẹ́ bí irorẹ́ bá tóbi, tí ó le lábẹ́ awọ, tí ó sì ń dunni. Bí ó bá ń fi àpá tí ó jìn sílẹ̀. Bí pípọ́n bá wà láìsí irorẹ́ tí ó dí ihò, tí ojú sì ń gbóná gan-an nígbà tí a bá jẹ ata tàbí tí a wà nínú oòrùn, nítorí àrùn mìíràn lè nìyẹn. Tàbí bí ìbànújẹ́ ojú náà bá ti ń mú ènìyàn sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìsàn ara ni irorẹ́, ó sì ní ìwòsàn bí àìsàn yòókù.

8. Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́

Lọ́jọ́ kan ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan yóò jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nínú kíláàsì wa, yóò sì fi ìwé bojú. Bí olùkọ́ bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀bùn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni yóò rán an lọ sí ibi àtẹ ìpara abóra. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ìdọ̀tí, pé ó ní ohun tí ń fà á àti ohun tí a lè ṣe sí i, ó ti gba ojú kan là, ó sì lè jẹ́ ọkàn kan pẹ̀lú.

Ìbéèrè fún àyẹ̀wò

1. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ń fa irorẹ́, kí o sì sọ ìdí tí ìdọ̀tí kò fi sí lára wọn.
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé awọ dúdú pọ́n, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i?
3. Ṣàlàyé bí ojú kan ṣe lè ní ọ̀rá, kí ó sì tún gbẹ.
4. Kí ni ìdí tí a fi ń pa ìpara kí ojú tó gbẹ tán?
5. Wo páálí ìpara mẹ́ta ní ọjà ìlú rẹ. Èwo nínú èròjà tí a kìlọ̀ rẹ̀ ni o rí níbẹ̀?